Ẹlẹ́rìí Kejì fún Adáná Mẹ́ta Inú Ọkọ̀ Ortensia

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àgbàlagbà tó ń yá oòrùn tó sì ń rẹ́rìn-ín sí ìgbà èwe rẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú archivio kan ní Sampierdarena, lẹ́bàá èbúté Genoa, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àwọn ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ sí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ọkùnrin mẹ́ta wà tí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé níṣojú mi, mo sì dákẹ́.

Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kan ní Nichelino, tó ń kàwé nípa ìtàn ní Padua, ló jẹ́ kí n mú bírò. Ó pè mí lórí fóònù lóṣù tó kọjá.

Ó ní, "Bàbá, ẹ káàsán o. Iṣẹ́ archivio ni mo fẹ́ ṣe. Màmá mi ní iṣẹ́ ìwé àtijọ́ kì í bọ́ èèyàn. Ṣé ẹ̀yin ò kábàámọ̀?"

Mo ní, "Sọ fún màmá ẹ pé ó ń bọ́ èèyàn. Àmọ́ kì í jẹ́ kéèyàn sùn."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn nílé kí n tó wá sí Padua láti tún kàwé sí i. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí mi kò níye lórí àyàfi tí mo bá gba òǹtẹ̀ báyìí, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ báyìí, kí n mú un lọ síbí, kí n mú un padà wá. Mo ká èso písì ní Saluzzo fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Lẹ́yìn náà mo tẹ̀ lé ìyàwó mi lọ sí Sampierdarena, níbi tó ti ń ṣerun nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Oníbàárà kan ló sọ fún un pé bàbá arúgbó kan ń wá ẹni tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí a ṣì ń ná lira, tí a ń tò sẹ́nu ọ̀nà questura, àgọ́ ọlọ́pàá, láti ìdájí nítorí permesso, ìwé ìgbélùú. Owó oṣù náà kéré. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Kí ọkọ̀ apẹja tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo epo, èédú ni wọ́n fi ń dáná nínú wọn. Iná èédú á se omi nínú ìkòkò irin ràgàjì tí wọ́n ń pè ní caldaia, ooru omi yẹn á yí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á sì máa wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kan púpọ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá gbó lọ́hùn-ún, àwọn ará Ítálì á rà wọ́n, wọ́n á yí orúkọ wọn padà, wọ́n á tún tì wọ́n sójú òkun. Ìdí nìyẹn tí ìwé ọkọ̀ kan fi lè bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kó sì parí ní èdè Ítálì. Òkun gbé ọ̀pọ̀ wọn mì. Archivio wa ń ṣe káàdì kọ̀ọ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú káàdì ni ìtàn: ta ló kàn án, ta ló rà á, orúkọ wo ló ti jẹ́ rí. Ẹ̀yìn káàdì ni àdánù: ibi tó rì sí, àti àwọn tó bá a lọ.

Signor Attilio ni ọ̀gá mi. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Inú yàrá caldaia ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, iná ti jó irun apá rẹ̀ méjèèjì dànù, kò sì hù mọ́ títí ó fi darúgbó. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo fi ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi hàn án. Ó wò ó lójú wò ó lẹ́yìn, ó dá a padà fún mi.

Ó ní, "Bravo. Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi jẹ́ kí n kọ ohunkóhun sórí káàdì. Ọwọ́ fífọ̀ ni, eruku gbígbọ̀n ni, kí n tú Gẹ̀ẹ́sì kí òun gbọ́ ni. Bírò kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà, pẹ́ńsù nìkan. Ọjọ́ tí mo fi itọ́ sí ìka kí n tó ṣí ewé ìwé kan, ó gbá mi lọ́wọ́ bí ẹní gbá ọmọ ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, mo ti níyàwó, mo ti bímọ. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé mi ò lọ mọ́.

Ó ní, "Kí ló fi gbá ọ?"

"Ọwọ́ ni."

"Bàbá tèmi ì bá lo pàṣán. Jẹun, kóo lọ sùn."

Òfin méjì ni Signor Attilio ní. Àkọ́kọ́: ohun tí a bá kọ sẹ́yìn káàdì gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì. Ìwé kan kò tó. Ìwé méjì tí kò mọ ara wọn, tó sọ ohun kan náà, ìyẹn ló di òótọ́. Èkejì ni mo kọ́ lọ́jọ́ tó gbà mí láyè láti kọ káàdì mi àkọ́kọ́. Mo kọ pé ọkọ̀ náà rì pẹ̀lú gbogbo àwọn inú rẹ̀. Ó fi ìka sórí ọ̀rọ̀ náà.

"Tutti chi? Gbogbo ta ni?"

Mo ní, "Gbogbo wọn ni, Signor Attilio."

"Gbogbo wọn kò ní ìyá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ìyá tirẹ̀. Lọ wá wọn."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wá wọn nínú ìwé àwọn atukọ̀ kí n tó rí gbogbo orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni yunifásítì méjì kò kọ́ mi, bàbá tí kò ka ìwé mẹ́wàá ló kọ́ mi.

Ó tún mú mi lọ sí èbúté lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkọ̀ kékeré àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn arúgbó ń fi èédú dáná sí fún ìrántí. Ó mú mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí caldaia, ó fi ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́. "Kó o." Mo kó o. Ooru náà ń gbá mi lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn ààrò búrẹ́dì. Kò pẹ́, àtẹ́lẹwọ́ mi ti lé ròrò.

"Kí ló dé, dottore? Ṣé èédú ò mọ̀ pé o gboyè?"

Àwọn arúgbó yòókù fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde síta, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Fuochista, adáná ọkọ̀, ń ṣe èyí fún wákàtí mẹ́rin, á sinmi, á tún padà wá. Ìsàlẹ̀ ló wà. Tí ọkọ̀ bá ń rì, òun ló ń gbọ́ kẹ́yìn. Nígbàkúùgbà tóo bá ń wá orúkọ, adáná ni kóo kọ́kọ́ wá."

Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ní ọdún kẹta mi, ó gbé mi dé ìdí Ortensia.

Ọkọ̀ eléèédú ni Ortensia, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rà á, ó sì lọ pẹja títí dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó ń padà bọ̀, ìjì kọlù ú nítòsí Sardinia, kò sì dé ilé mọ́. Ìwé ìròyìn àtijọ́ to orúkọ ará Ítálì mọ́kànlá, ó wá fi kún un pé "e altri tre", àwọn mẹ́ta mìíràn. Mo ti mọ ohun tí ọ̀gá mi máa bi mí, nítorí náà mi ò dúró kó bi mí. Mo rí lẹ́tà tí ọ̀gákọ̀ kọ sí ẹni tó ni ọkọ̀. Ó ní àìsàn dá àwọn adáná òun dúró, òun sì ti mú mẹ́ta mìíràn ní Èkó: Ojo, Dada, Idowu.

Mo pariwo nínú yàrá náà. Signor Attilio rò pé ejò ló bù mí jẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo rí ẹlẹ́rìí kejì: ìwé pélébé kan tí wọ́n fi fún wọn ní bàtà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, àtàǹpàkò sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi yíǹkì búlúù tẹ̀. Signor Attilio gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó wò ó pẹ́. "Due testimoni," ó ní. Ẹlẹ́rìí méjì. Ó ní kí n kọ wọ́n. Mo ṣàlàyé fún un pé wọ́n mú orúkọ wọ̀nyí wá láti ọ̀run ni: Òjó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, irun orí Dàda ta kókó láti inú oyún, Ìdòwú sì ni ọmọ tí a bí lé ìbejì. Ó bi mí pé, "Ìyẹn ni pé àwọn ìbejì kan wà níbì kan tí wọn ò mọ ibi tí àbúrò àwọn wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà dé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mi ò bínú sí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó gbé e wá ni mo ń bínú sí. Gbogbo káàdì la ní láti tẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní àyè fún nome, orúkọ àbísọ, ó sì ní àyè fún cognome, orúkọ ìdílé. Tí a kò bá fi nǹkan sí cognome, pupa ni yóò yọ, kò ní gbà á. Òjó kò ní cognome. Nígbà ayé rẹ̀, ọmọ Lágbájá ni wọ́n ń pe èèyàn, ọ̀gákọ̀ kò sì bi í léèrè ọmọ ta ni. Kàkà kí n lọ jà fún àyè mìíràn, mo ṣe ọgbọ́n orí. Mo tẹ orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mejì: Ojo Ojo, Dada Dada, Idowu Idowu. Ẹ̀rọ gbà á. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe yẹn, mo sì ń kọ ọ́ síbí kí wọ́n má sọ pé àṣìṣe àwọn ẹlòmíràn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kà.

Ẹni tó ń darí archivio, direttore wa, pàṣẹ pé ní báyìí tí kọ̀ǹpútà ti dé, kí a kó àwọn káàdì àti àpótí ìwé inú ilé lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Páìpù omi kan gba òkè yàrá yẹn kọjá, ó ń ro tó, tó, tó. Mo kọ lẹ́tà sí i lóṣù kejì ọdún. Kò dáhùn. Mo kọ òmíràn lóṣù karùn-ún, mo ya àwòrán páìpù náà sí i. Ó ní òun ti rí i. Mo kọ ìkẹta lóṣù keje. Ó dá mi lóhùn lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé báàgì ìsinmi rẹ̀ dání: "Dopo le ferie," lẹ́yìn ìsinmi. Ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ mi di òní olónìí.

Ìsinmi parí, òjò ìgbà ìwọ́wé dé, páìpù bẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni a tó mọ̀. Omi ti dé orókún. Àwọn káàdì wa léfòó bí ewé. Signor Attilio wọ inú omi náà tòun ti bàtà àti ṣòkòtò, ó ń kó ìwé mọ́ àyà bí ẹni kó ọmọ jáde nínú ilé tó ń jó.

Mo sáré lọ pe ìyàwó mi. Òun àti obìnrin mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀bù irun kó gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun wá. Wọ́n tẹ́ ìwé sórí tábìlì, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, irun òkú la wá ń ṣe lónìí yìí?"

Ìyàwó mi ní, "Òkú kì í jiyàn lórí irú irun tó fẹ́. Gbé e súnmọ́ ọn díẹ̀, má jó o níná."

Wọ́n gba ìwé tó pọ̀ là, Ọlọ́run á sàn án fún wọn. Direttore kọjá, ó bèèrè ta ló gba àwọn obìnrin wọ̀nyẹn láyè láti wọlé. Ìyẹn nìkan ló bèèrè.

Káàdì Ortensia ti di ẹ̀rọ̀fọ̀. Mo rí ìwé bàtà náà nísàlẹ̀ àpótí kan. Bí mo ṣe gbé e, ó já lọ́wọ́ mi bíi búrẹ́dì tó rẹ sínú tíì. Àtàǹpàkò mẹ́ta náà ti di àbàwọ́n búlúù kan ṣoṣo. Lẹ́tà ọ̀gákọ̀ nìkan ló kù, nítorí inú dígí ló wà lókè.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ńlá jáde, tí yóò ní ìtàn àti àdánù gbogbo ọkọ̀ eléèédú tí a ti ṣèwádìí wọn. Wọ́n pe ìpàdé. Àwọn àlejò tó fẹ́ ṣe agbátẹrù ìwé náà jókòó. A dé orí Ortensia. Direttore fi pẹ́ńsù lu tábìlì.

Ó ní, "Ojo Ojo. Dada Dada. Ẹ gbọ́ o, ṣé orúkọ lèyí ni àbí ọmọ ìkókó tó ń kọ́ ọ̀rọ̀?" Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. "Ìwé kan ṣoṣo la rí. Òfin archivio yìí ni ẹlẹ́rìí méjì. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Attilio? Ṣé ìwé kejì wà?"

Signor Attilio wo tábìlì. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn. Ojúrere direttore ló fi ń wọlé. Ó wò mí. Ó tún wo tábìlì.

Ó ní, "Non ricordo." Òun kò rántí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rántí. Ẹnu mi wà lára mi. Ṣùgbọ́n àgbà ni, ọ̀gá mi ni, àlejò wà níjókòó. Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. A kì í sọ pé àgbà purọ́ láàárín àwùjọ. A máa ń lọ bá a nílé ni. Mo pinnu pé n óò lọ bá a nílé. Mo dákẹ́. Direttore fa ìlà gba orí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọ "e altri tre" síbẹ̀, ó ṣí ojú ewé tó kàn.

Ọjọ́ Àìkú, mo ra ọsàn, mo lọ kí i nílé rẹ̀. Mo tẹríba bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe, ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Signor Attilio, ẹ rí ìwé bàtà yẹn. Ẹ fi awò wò ó."

Ó ní, "Mo rí i. Àtàǹpàkò mẹ́ta."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí. Ìwọ ńkọ́? Mo wò ọ́! Ká ní o la ẹnu, ǹ bá tẹ̀ lé ọ."

"Mi ò lè tako yín níwájú àlejò. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe bàbá mi níbí."

Ó fi ọwọ́ gbá ọsàn náà, wọ́n yí ká ilẹ̀. "Ta ló ní kóo bu ọlá fún mi? Àwọn mẹ́ta yẹn ni kóo bu ọlá fún! Níbí, ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà. Chi tace acconsente. Gbogbo wọn rò pé o gbà!"

Ọjọ́ Ajé, àwa méjèèjì lọ bá direttore. Signor Attilio sọ pé òun ti rántí. Direttore ní ìwé ti wà ní ilé ìtẹ̀wé láti ọjọ́ Ẹtì, a ó ṣàtúnṣe rẹ̀ nígbà tí a bá tún un tẹ̀. Wọn ò tún un tẹ̀ mọ́ títí di òní. Signor Attilio kò padà wá sí archivio mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ó kú kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tó wọlé. Mo bínú sí i nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, mo sì sunkún rẹ̀ ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Àwọn ọdún yòókù kún fún iṣẹ́. Fíìmù àwòrán ìwé dé, ó lọ. Ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà dé. Mo kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń lò ó ní ọwọ́ fífọ̀, wọ́n ní mo le jù. Mo kọ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, mi ò sì jẹ́ kí "gbogbo wọn" wọ ibì kankan. Síbẹ̀, ìyẹn kò tù mí nínú rárá. Ní ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo wọlé tọ obìnrin tó ń darí ibẹ̀ báyìí lọ, mo ní kó dá orúkọ àwọn adáná Ortensia padà. Ó gbọ́ mi dé ìdí. Ó ní, "Mo gba yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi ní ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ mú èkejì wá ní kíkọ, tí ẹni tó fojú rí i fọwọ́ sí, ọwọ́ ara mi ni n óò fi kọ ọ́ síbẹ̀."

Ọmọ mi ní Padua, o bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Òwe méjì ló wà lẹ́nu Yorùbá lọ́jọ́ ìpàdé yẹn. Ọ̀kan ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Èkejì ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mú èyí tí kò yẹ. Tí o bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ṣe é. Fọ ọwọ́ rẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fa ìlà gba orí orúkọ ẹnì kan lójú rẹ, má dúró dé ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀rí mi nìyí, mo kọ ọ́ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi láti kọ ẹ̀yìn káàdì:

Ortensia, ọkọ̀ apẹja eléèédú. Ó rì nínú ìjì nítòsí Sardinia. Nínú àwọn tó bá a lọ: Òjó, adáná, láti Èkó. Dàda, adáná, láti Èkó. Ìdòwú, adáná, láti Èkó, àbúrò ìbejì. Ẹlẹ́rìí kìíní: lẹ́tà ọ̀gákọ̀, ó wà nínú dígí lókè. Ẹlẹ́rìí kejì: ìwé bàtà, omi bà á jẹ́, èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí fi ojú ara mi rí i kó tó bà jẹ́. Àtàǹpàkò Òjó dúró ṣánṣán. Ti Dàda fì sí òsì díẹ̀. Ti Ìdòwú ló tóbi jù, àpá iná sì wà láàárín rẹ̀.